Ọ̀rọ̀ Mìíràn

Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀,
nítorí mo kàwé díẹ̀, ọwọ́ mi sì yá.
Abẹ́ igi ńlá kan ní Kesenátu, létí òkun Búgẹnfíìlì:
àga méjìlá, ọkùnrin méjìlá,
ẹní kan fún àwọn obìnrin níbi tí oòrùn ti ń pa ni.

Kókó kìíní: kí ìbọn dákẹ́.
Kókó kejì: ta ni yóò kọ́kọ́ kó ọmọ ogun rẹ̀ sẹ́yìn.
Kókó kẹta, ìjọba. Kókó kẹrin, ìjọba.
Kí a tó dé ìkarùn-ún, wọ́n bu oúnjẹ.
Àwọn tó sè é ló wà lórí ẹní.

Mo ń kọ. Mo ń kọ.
Ọdún mẹ́sàn-án tí a fi gbé inú igbó,
tí a ń fi ọparun ru omi òkun gòkè lóru
kí kòkò lè ní iyọ̀,
tí a fi ìkarahun gé ìwọ́ ọmọ,
kò sí kókó fún ìyẹn.

Pẹpẹtúà Nauwé dìde, ẹnikẹ́ni ò pè é.
Obìnrin kúkúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tiro,
eyín rẹ̀ pọ́n fún èso bùáì tó ń jẹ lẹ́nu.
Kaviátà ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga apá ọ̀tún, ó gbé ìbọn.
Séferínì ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lápá òsì, òun náà gbé ìbọn.
Lọ́dọ̀ wa, ìyá ló ni ilẹ̀;
ọkùnrin kò lè fi ẹsẹ̀ bàtà kan tọrẹ
bí ìyá rẹ̀ kò bá mirí sí i.
Gbogbo wọn ló mọ̀. Ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń wò.

Kò sọ ti ìjọba. Ó ní:
"Páànù ilé-ìwé dà?"

Alága ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ńlá là ń sọ."
"Mo gbọ́. Páànù mẹ́tàlélógójì.
Èmi ni mo di àkàbà mú lọ́jọ́ tí wọ́n kàn wọ́n.
Kòmándà, mo wá bá ọ ní àgọ́ lóṣù tó kọjá,
ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, o sì fún mi ní tíì.
Òjò ń rọ̀. Mo gbójú sókè.
Mo rí ibi tó tẹ̀ wọnú, tí àgbọn já lù
lọ́dún tí Salvínà wọ kíláàsì kìíní.
Abẹ́ páànù àwọn ọmọ lo sá sí
tí o ń gbèrò ogun tí o ní o ń jà fún wọn."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lápá òsì.
Ó yí sí wọn kí ẹ̀rín náà tó tán:
"Ẹ̀yin náà, bẹ́ǹṣì mọ́kànlá.
Ẹ má jẹ́ kí n wá ka èéfín yín."

Alága wí fún mi létí: má kọ ìyẹn.
Mo wo Pẹpẹtúà. Bírò mi lòun ń wò.
Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sábẹ́ "Ọ̀rọ̀ mìíràn",
níbi tí à ń kọ ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ sí.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Hẹlikọ́pítà gbé ìwé lọ.
Ìjọba tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.
Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán,
mo gbọ́ gbàràgàdà lójú ọ̀nà òkè:
ọmọkùnrin mẹ́rìnlá, páànù lórí,
kò sí ìbọn,
nítorí ọwọ́ méjèèjì la fi ń di páànù mú.

Kaviátà wà láàrin wọn. Séferínì ò sí níbẹ̀.
Pẹpẹtúà ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.
Ó di àkàbà mú.

Ihò ọta pọ̀ lára wọn.
Bí òjò bá dé, àwọn ọmọ a ti bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́,
wọ́n a fi agolo gbe omi, wọ́n a máa ka ìwé wọn lọ.

Méjìdínlógójì la kàn.
Orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè wà lára ògiri, ó fi èédú kọ ọ́.
Márùn-ún ló kù.
Mo kọ ọ́ síbí, lókè, níbi tí ojú yóò ti rí i.